Kí Ni Wọ́n Ń Sanwó Lé Lórí? Ìtàn Ìbẹ̀rẹ̀ Ìpolówó Ọjà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kó lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ bí ó bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìpolówó ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìkànnì, línkì, kílíìkì, bánà, kúkì, kíwọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò há wọn sórí, yóò sì rò pé òun ti mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí kò ní ọjọ́ ìbí, kò sì sí ọ̀kan tí kì í ṣe pé ìṣòro kan ni ó bí i. Ẹni tí ó bá mọ ìṣòro náà nìkan ni ó lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gba inú gbogbo ìtàn náà já láti òkè délẹ̀: kí ni ẹni tí ń polówó ọjà ń sanwó lé lórí? Ìdáhùn mẹ́ta ni ìbéèrè yìí ní láàárín ọdún mẹ́wàá, bí ìdáhùn sì ti ń yí padà ni ọ̀rọ̀ tuntun ń jáde.

Ẹni tí ó la ọ̀nà ni Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ bàbá olóye, ọmọ ìyá olóye, nítorí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ lórí Ferranti Mark 1, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a kọ́kọ́ tà lọ́jà láyé. Ẹni bíni làá jọ. Ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà lẹ́bàá Geneva ní Switzerland, níbi tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè káàkiri ti ń pàdé, tí ìwé oníkálukú sì há sínú kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ èdè èkejì rẹ̀, ni ó ti kọ àbá kan ní oṣù Kẹta ọdún 1989, pé kí a wá ọ̀nà tí gbogbo ìwé wọ̀nyí yóò fi so mọ́ ara wọn. Ohun mẹ́ta ni ó fi ṣe é, èyí tí a wá ń pè ní wẹ́ẹ̀bù: àdírẹ́sì tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́, tí a ń pè ní URL, èdè tí a óò fi máa to ojú ìwé náà, èyí tíí ṣe HTML, àti àdéhùn tí kọ̀ǹpútà kan yóò fi máa béèrè ojú ìwé lọ́wọ́ òmíràn, èyí tíí ṣe HTTP. Inú ojú ìwé ni línkì wà, ọ̀rọ̀ tí a óò tẹ̀ tí yóò sì gbé wa lọ sí ojú ìwé mìíràn, ìbáà jẹ́ òdìkejì ayé ni ó wà. Ìkànnì àkọ́kọ́, info.cern.ch, kò ta ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣàlàyé ohun tí wẹ́ẹ̀bù jẹ́ ni. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ọ̀fẹ́ ni ohun gbogbo wọ̀nyí fún tọmọdé tàgbà, láìgba kọ́bọ̀. Ìkéde yìí tóbi ju bí a ti ń rò ó lọ. Ní ọdún kan náà ni Yunifásítì Minnesota, tí ó ni Gopher, ètò mìíràn tí ó ń bá wẹ́ẹ̀bù du ipò, sọ pé òun yóò máa gba owó lọ́wọ́ àwọn kan tí ń lò ó. Àwọn ènìyàn sì yí ẹsẹ̀ padà sí ibi tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Kí ni ó dé tí ìpolówó kò fi tètè wọ ibẹ̀? Owó ìjọba ni a fi la ọ̀nà náà. Ní Amẹ́ríkà, National Science Foundation ni ó ni okùn ńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, òfin rẹ̀ sì ni pé ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni kí a máa fi í ṣe, kì í ṣe òwò, títí a fi pa okùn náà tì ní oṣù Kẹrin ọdún 1995 tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì gba ipò rẹ̀.

Àmọ́ ibi tí èrò bá gbé pọ̀, ọlọ́jà kì í pẹ́ débẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1978, nígbà tí ó jẹ́ ARPANET, ìṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, ni ó ṣì wà, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ìtajà ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti pè wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà tuntun ní California. Wọ́n bá a wí, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ọdún 16 lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, Laurence Canter àti ìyàwó rẹ̀ Martha Siegel, agbẹjọ́rò méjèèjì ní Arizona, lẹ ìpolówó kan mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbàgede ìjíròrò Usenet: ẹni tí ó bá fẹ́ ta lọ́tìrì ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, lọ́tìrì tí àwọn ará ilé wa náà mọ̀ bí ẹni mọ owó, kí ó wá san owó kí wọ́n bá a fi orúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ọ̀hún lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn tí ń jíròrò nípa orin rí i, àwọn tí ń jíròrò nípa ìṣirò rí i, kò sì kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lẹ́tà ìbínú rọ́ wọlé títí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ó fún tọkọtaya náà ní íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú. Àṣejù baba àṣetẹ́: ní ọdún 1997 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Tennessee gba ìwé àṣẹ Canter lọ́wọ́ rẹ̀, ìpolówó yìí sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà ìpolówó náà ni ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní sípáàmù, ìyẹn ìpolówó tí a kò béèrè fún, ti kúrò lẹ́nu àwọn onímọ̀ nìkan, tí ó di ti gbogbo ayé.

Ọdún 1994 yẹn gan-an ni ìpolówó gba ojú ọ̀nà wọlé. HotWired, ìkànnì tí ìwé ìròyìn Wired dá sílẹ̀ ní San Francisco, ní òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tí yóò sanwó oṣù fún, bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé kò san ohunkóhun; àyè ni ó kù tí wọ́n lè tà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ni wọ́n ṣí àyè náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ mélòó kan, AT&T, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, sì wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo bánà AT&T yìí dáadáa. Pẹ́pẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, píksẹ́lì 468 ní ìbú, 60 ní gíga. Dúdú ni ara rẹ̀, lẹ́tà aláwọ̀ mèremère sì wà lórí rẹ̀ tí ń bi òǹkàwé bóyá ó ti fi máòsì rẹ̀ tẹ ibí yìí rí, tí ọfà kan sì dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé yóò tẹ̀ ẹ́. Kò dárúkọ tẹlifóònù, kò pe iye owó. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ yóò bọ́ sí ojú ìwé tí ó ń mú ènìyàn rin ìrìn àjò nínú àwọn ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà. Àwọn tí wọ́n ṣe é ròyìn pé nínú 100 ènìyàn tí ó rí i, 44 ni ó tẹ̀ ẹ́, iye tí ẹnikẹ́ni kò tún rí irú rẹ̀ mọ́ nígbà tí bánà kún gbogbo ìkànnì.

Nínú pẹ́pẹ́ kékeré yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà wà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá hàn lójú ènìyàn ni ìfarahàn kan. Ìgbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ ni kílíìkì. Ìpín àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ nínú àwọn tí ó rí i ni ìwọ̀n kílíìkì. Ibi tí ó sì gbé wọn sọ̀ ni ojú ìwé ìgúnlẹ̀. Àyè ni wọ́n ṣì ń sanwó lé lórí nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sanwó fún ojú ewé nínú ìwé ìròyìn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ìwé ìròyìn tí ó lè ka ojú tí ó wo ìpolówó rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọlọ́jà ti mọ̀ pé ó ṣe é kà, kò tún lè gbà kí a ta á fún òun láìkà.

Ìṣòro kan wà nílẹ̀, ìgbàgbé ni. Àdéhùn HTTP kì í rántí ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó bá mú bàtà kan sínú apẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ṣí ojú ìwé mìíràn láti wo fìlà, ó ti tún di àjèjì. Lou Montulli, òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape, ni ó wá ojútùú rẹ̀ ní ọdún 1994. Ìkànnì yóò fún búráúsà, ètò tí a fi ń wo ìkànnì, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan pa mọ́, búráúsà yóò sì máa gbé e padà wá ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún dé ọ̀dọ̀ ìkànnì yẹn. Èyí ni kúkì. Ọkàn Montulli mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́: wọ́n ti rò ó pé kí búráúsà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo ìkànnì yóò fi máa dá a mọ̀, ó sì kọ̀ ọ́, nítorí ó rí i pé wọn yóò lè fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tọ ipasẹ̀ ènìyàn káàkiri.

Síbẹ̀ wọ́n tọ ipasẹ̀ náà. Àwòrán ìpolówó kì í sábà wá láti inú ìkànnì tí a ń kà. Ẹ̀rọ mìíràn, tí ó jẹ́ ti alágbàtà, ni ó ń gbé e wá, ẹni tí ó bá sì gbé àwòrán wá lè gbé kúkì tirẹ̀ wá pẹ̀lú. Èyí ni DoubleClick, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, fi ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá ka ìròyìn ní òwúrọ̀, tí ó wo èsì bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán, tí ó sì wá oògùn orí fífọ́ ní alẹ́, tí ó sì jẹ́ pé alágbàtà kan náà ni ó ń gbé ìpolówó lọ sí ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kúkì kan náà ni yóò jẹ́rìí sí gbogbo ìrìn rẹ̀. Kì í ṣe àyè nìkan ni wọ́n ń sanwó lé lórí mọ́. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ti wọ inú owó. Mi ò lè gbójú fo èyí, nítorí ẹni tí wọ́n ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀, a kò sì bi í.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí èyí ti ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn ẹ̀rọ ìwákiri ń dàgbà: Yahoo, tí Jerry Yang àti David Filo bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní 1994, àti AltaVista tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1995. Àwọn oníwàyó sì tètè mọ bí a ti ń tàn wọ́n jẹ. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá ní ìgbà ọgọ́rùn-ún sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, wọn a fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ sórí funfun kí òǹkàwé má baà rí i. Bill Gross ní California wá sọ ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ní 1998, tí ó sì mú inú bí àwọn mìíràn. Ó dá GoTo.com sílẹ̀, ó sì ní kí a fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbàǹjo: ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìkànnì òun wà lókè nígbà tí ènìyàn bá wá ọ̀rọ̀ kan, kí ó pe iye tí yóò san, láti orí sẹ́ǹtì kan lọ sókè, kí ó má sì san ohunkóhun àyàfi bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni kíwọ́ọ̀dù di ọjà. Ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ń wá, kò sì sí ìpolówó tí ó sàn ju èyí tí ó bá ènìyàn níbi tí ó ti ń béèrè.

Ní Stanford bákan náà, Larry Page àti Sergey Brin ti rí i pé bí línkì ṣe ń ti ìkànnì kan dé òmíràn, ẹ̀rí ni: ojú ìwé tí àwọn ojú ìwé pàtàkì bá ń tọ́ka sí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fihan ènìyàn. PageRank ni wọ́n sọ ìṣirò náà, wọ́n sì dá Google sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998. Nínú ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún yẹn, wọ́n sọ pé ẹ̀rọ ìwákiri tí ìpolówó bá ń bọ́ yóò máa ṣe ojúsàájú sí àwọn tí ń polówó. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000 ni àwọn náà gbé AdWords, ètò ìpolówó tiwọn, jáde, oníbàárà 350 ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ní 2002 ni wọ́n gba gbàǹjo wọlé, wọ́n sì fi ìṣirò kan kún un tí olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ká ní télọ̀ méjì ń du ọ̀rọ̀ náà, aṣọ ìyàwó. Ti àkọ́kọ́ ń pe 50 sẹ́ǹtì lórí kílíìkì kan, ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn tí ó rí ìpolówó rẹ̀, ẹnìkan ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Èkejì ń pe 30 sẹ́ǹtì, ènìyàn mẹ́rin sì ń tẹ tirẹ̀. Ti GoTo, ẹni tí ó pe 50 ni yóò wà lókè. Ti Google, èkejì ni, nítorí 100 ìfarahàn rẹ̀ lè mú tó dọ́là kan àti 20 sẹ́ǹtì wá, ti èkíní kò sì lè ju 50 sẹ́ǹtì lọ. Ìpolówó tí ó wúlò fún ẹni tí ń wá nǹkan lè borí owó gọbọi. GoTo, tí ó ti yí orúkọ padà sí Overture, pe Google lẹ́jọ́ ní ọdún 2002 pé ọgbọ́n òun ni wọ́n mú lò. Yahoo ra Overture ní 2003, ìjà náà sì parí ní 2004 nígbà tí Google fún Yahoo ní ìpín ìdókòwò mílíọ̀nù 2.7.

Ọdún 2003 náà ni AdSense dé, tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní ìkànnì kékeré lè gba ìpolówó Google sójú ìwé rẹ̀ kí ó sì pín nínú owó rẹ̀, láìsí pé ó ń wá oníbàárà kiri. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó wúwo jùlọ nínú ìtàn yìí, ní èrò tèmi, ni ti oṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà tí Google parí ríra DoubleClick ní bílíọ̀nù dọ́là 3.1. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń wá àti ipasẹ̀ ìrìn rẹ̀, tí wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wá di ti ilé kan ṣoṣo.

Ó tó ọdún mẹ́wàá kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e bá. GDPR, òfin Yúróòpù lórí ìdáàbòbò àlàyé nípa ara ẹni, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Búráúsà Safari ti Apple ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo kúkì alágbàtà ní 2020. Nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2023, Nàìjíríà náà sọ àbá tirẹ̀ lórí ìdáàbòbò àlàyé nípa ara ẹni di òfin. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, ẹni tí ó bá ń kó àlàyé nípa ènìyàn jọ gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin fọwọ́ sí, irú bí ìyọ̀ǹda ẹni náà, ẹni náà sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a má ṣe fi àlàyé òun polówó ọjà fún òun. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí Ìbàdàn, tí ó ń fi kúkì sí ìkànnì oníbàárà rẹ̀, wà lábẹ́ òfin náà bí ilé-iṣẹ́ ńlá ti wà lábẹ́ rẹ̀.