Oorun Ọmọ Jòjòló: Láti Ẹ̀yìn Ìyá Dé Inú Ìgò Òògùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ìkìlọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe fún ẹni tó bá ń wá ìnira ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba òwe náà bó ṣe dúró, ọ̀rọ̀ inú ilé ni: ìyá kan, ọmọ kan, òru, àti ẹkún tí kò dáwọ́ dúró. Kò sí ìran kan tí kò mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yí padà láti ìran dé ìran ni ẹni tó ń bá ìyá náà ṣọ́ òru, àti ohun tí wọ́n fi ń pa ẹkún ọmọ. Ìtàn yẹn ni a fẹ́ tọ̀ lónìí, ní Ọ̀yọ́ Aláàfin àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ sọ́run ní orílẹ̀-èdè wa, kò sì tíì pẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀yìn. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn, lápá Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Nínú lẹ́tà tó kọ ní ọdún 1837, ó ṣàlàyé bí àwọn obìnrin ṣe ń sá lọ sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún lọ́jọ́ náà: ẹrù lórí wọn, ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ mìíràn dì mọ́ wọn lápá. Ìyá tirẹ̀ gan-an wà nínú wọn, ó sì ní ọmọbìnrin kan tí kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ. Ọdún 1846 ni Àjàyí tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25.

Ìtàn náà kò mọ sí ilé Àjàyí nìkan. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú. Aláàfin Àtìbà kó àwọn ènìyàn jọ sí Àgọ́-Ọ̀jà, ibẹ̀ ló sì di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ dúró, ogun kò lè kó o, ó sì di ibi ìsádi fún àwọn ará ìlú tó tú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn gbà dé ibẹ̀. Ọmọ tí kò lè rìn kò ní ọkọ̀ mìíràn ju ẹ̀yìn ìyá, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n, tàbí ẹ̀yìn ìyá àgbà lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ọ̀já lórí àtẹ ní ọjà Akẹ̀sán, kí á má ṣe wò ó bí aṣọ lásán. Ibùsùn àwọn ọmọ tó tún ìlú méjèèjì tẹ̀ dó ni.

Báwo ni ẹ̀yìn ṣe ń fún ọmọ lóorun? Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní agbo ilé mọ ètò náà. A ó kọ́kọ́ fún ọmọ lọ́mú, a ó gbé e sẹ́yìn, a ó fi ìró gbá a mú, a ó fi ọ̀já dì í níbi ìdí kí ó má bàa yọ̀ wálẹ̀. Ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká àgbàlá, yóò máa fi ọwọ́ lu ọmọ ní ìdí jẹ́jẹ́, yóò sì máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jó ijó tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ìlù rẹ̀. Nígbà tí orí ọmọ bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní sáré sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Yóò dúró kí oorun náà wọra ná.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwádìí RIKEN ní orílẹ̀-èdè Japan ti yẹ irú nǹkan yìí wò. Ní ọdún 2013, wọ́n fi hàn pé nígbà tí ìyá bá gbé ọmọ jòjòló, tó sì ń rìn, ẹkún ọmọ a rọlẹ̀, ọkàn rẹ̀ tó ń sáré lù a sì rọ̀ kíákíá, ju ìgbà tí ìyá kàn jókòó gbé e mọ́ra lọ. Ní ọdún 2022, wọ́n tún gbé èsì mìíràn jáde: kí a gbé ọmọ tó ń sunkún rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ó bá ti sùn, kí a jókòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ kí a tó tẹ́ ẹ kalẹ̀. Ẹni tó bá ka èsì yìí fún ìyá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà béèrè pé ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ó dára kí á mọ̀ pé ohun tí a jogún ní ìdí tó múná dóko.

Ohùn ni èkejì. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Nínú ìwé yìí ni a ti kà pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Johnson ya oríkì sọ́tọ̀ láàárín àwọn orúkọ. Ó ní ti ọkùnrin a máa jẹ́ ti akọni, ti obìnrin a sì máa jẹ́ ti ìkẹ́.

Ìlò oríkì kò dúró sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ní òru, nígbà tí ọmọ bá ń ké, Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá àgbà yóò máa pè, yóò so oríkì orílẹ̀ mọ́ ọn, yóò ka àwọn baba ńlá rẹ̀ fún un, ohùn rẹ̀ yóò sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ yóò fi dákẹ́. Ọmọ náà kò gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ti ń sọ ẹni tó jẹ́ sí i létí. Ẹ sì wo orúkọ tí à ń jẹ́: Olúrẹ̀mílẹ́kún. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń sọ pé ìyá ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni òbí tó ti sunkún rí fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ìyá ń rẹ ọmọ, ọmọ pẹ̀lú ń rẹ ìyá.

Ìdí wà tí àwọn òbí ìgbà náà fi nílò ẹni tí yóò rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Johnson kọ nípa àbíkú pẹ̀lú, ó sì ka irú orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀bẹ̀ àti ìbẹ̀rù ló wà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Lónìí a mọ̀ pé ibà, àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde àti ìgbẹ́ gbuuru ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú ikú wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ìyá tó ti sin ọmọ méjì kò lè fi ọkàn kan gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ òru. Bí ọmọ bá ké, ẹ̀rù ni. Bí ó bá dákẹ́ jù, ẹ̀rù ni. Ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tó fi àgbo sẹ́nu ọmọ, tí wọ́n ń fi ipá rọ ọ́ nígbà tí ikùn rẹ̀ kò tíì tó gba ohunkóhun ju ọmú lọ.

Bí ìyá bá wá kú ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni Ògbómọ̀ṣọ́ dáhùn ní ọ̀nà tó yàtọ̀. Ní ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú náà. Ní ọdún 1907, Dókítà George Green dé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn, ilé ìwòsàn gidi sì ṣí ní ọdún 1923. Òun ni ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen lónìí. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ruth Kersey dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe ilé náà di òní.

Ẹ ro ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Wàrà ṣeé rà, a sì lè pò ó sínú ìgò. Ẹ̀yìn kò ṣeé rà. Nọ́ọ̀sì kan kò lè pọn ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ la ti rí ohun tí agbo ilé ń ṣe láìgba ìyìn: ìyá ọkọ, ìyàwó ilé, àbúrò, ẹ̀gbọ́n, olúkúlùkù ní ẹ̀yìn tirẹ̀, ọmọ kan sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ènìyàn kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Nígbà tí igba náà bá di ẹyọ kan, ìgò yóò yọjú.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá gba àwọn abiyamọ kúrò nílé, wọ́n ń ta omi dídùn kan tí wọ́n ń pè ní Godfrey's Cordial. Ópíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá mu ún yóò sùn, àwọn kan kò sì jí mọ́. Ní ọdún 1851, William Woodward, apòògùn ní Nottingham, gbé Gripe Water jáde, èyí tí àwọn ìyá wa náà mọ̀ dáadáa. Ọtí wà nínú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà náà, ó sì pẹ́ ju ọdún 100 lọ kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Tiwa ló burú jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn láti Zaria títí dé Ìbàdàn àti Èkó. Wọn kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni omi-òògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin, èyí tí òbí rà kí ara lè tu ọmọ tó ń hu eyín. Dípò èròjà tó yẹ, diethylene glycol ni wọ́n fi pò ó, oró gidi tí wọ́n ń lò nínú omi tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mọ́tò dì. Ọmọ 84 ni ìjọba kà pé ó kú. Ilé ẹjọ́ rán òṣìṣẹ́ méjì nílé iṣẹ́ tó ṣe òògùn náà lẹ́wọ̀n ọdún méje ní ọdún 2013. Ohun tó dunni ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: ní ọdún 1990, oró kan náà nínú òògùn parasitamọ́ọ̀lù olómi ti pa ọmọ 47 ní ìlú Jos.

Àwọn òbí wọ̀nyí kò ṣe ìkà. Wọ́n ra ohun tí wọ́n tà fún wọn, nítorí ọmọ wọn ń jẹ̀rora, tí kò sì sùn. Ẹ̀bi náà jẹ́ ti àwọn tó pò ó, ti àwọn tó tà á láìyẹ̀ ẹ́ wò, àti ti ìlú tí kò ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á béèrè ohun tó mú kí ìgò sún mọ́ ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Obìnrin tó ń tajà ní Akẹ̀sán tàbí ní ọjà Wàzó kò ní ti ọ̀sẹ̀ kankan: ọjọ́ tí kò bá tajà, kò sí owó. Àwọn ìyá àgbà ṣì ń wá wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ń ṣòwò, ilé ọmọ sì jìn. Lálẹ́, nínú yàrá kan ṣoṣo, ìyá tó rẹ̀ ni ó kù pẹ̀lú ọmọ, ẹnìkan sì ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù òògùn pé òògùn ọ̀fìnkìn kékeré kan yóò fún ọmọ lóorun.

Kí ni ìtàn yìí ní kí á ṣe? Kì í ṣe kí á gba gbogbo ohun àtijọ́ mọ́ra. Ọmọ kò nílò àgbo, kò sì nílò omi ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ wo òkè. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba àwọn òbí níyànjú bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1992, ikú òjijì ọmọ jòjòló lójú oorun dín ju ìdajì lọ. Ẹkún tí kò dáwọ́ dúró pẹ̀lú ara gbígbóná, ti dókítà ni, kì í ṣe ti ìgò tí aládùúgbò yá wa.

Ohun tó yẹ kí á gbà padà ni igba ènìyàn. Baba lè pọn ọmọ. Kò sí èèwọ̀ kankan nínú ọ̀já. Aládùúgbò lè gbà á fún wákàtí kan kí ìyá lè sùn. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè fi àyè sílẹ̀, ìjọba sì lè fi ọ̀sẹ̀ kún ọ̀sẹ̀. Àwọn tó gbé ọmọ wọn la igbó já dé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kò ní òògùn kankan lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní, wọ́n sì fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ń ké lálẹ́ òní kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.