Ààfin Tí Ọba Kò Sùn

Ọba kan kọ́ ààfin, kò sì sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Charles V lorúkọ ọba náà, ìlú Granada ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì sì ni ààfin náà wà, lórí òkè Alhambra. Ìta rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọlé, àgbàlá roboto ni ẹ ó bá, òpó òkúta yí i ká. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti dà báyìí. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, inú àgbàlá yẹn ni wọ́n ti ń lu orin kíláásíkà níbi àjọ̀dún orin àti ijó tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Fáyólíìnì á máa ké, fèrè á máa dá a lóhùn, ìràwọ̀ á sì wà lókè gbàyàwú. Ó dùn-ún gbọ́ ná. Àmọ́ ká tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká béèrè: ta ló sanwó ilé yìí?

Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ ni Alhambra. Láti 1238 ni àwọn ọba ìdílé Nasrid ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1492, ọba tó jẹ kẹ́yìn nínú wọn, Boabdil, fi ìlú sílẹ̀ fún Isabella àti Ferdinand. Àdéhùn wà pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn àwọn ará ìlú. Kò tó ọdún mélòó kan tí wọ́n yẹ àdéhùn: ẹ ṣèrìbọmi, àbí kẹ́ ẹ kúrò nílùú. Àwọn tó ṣèrìbọmi ni wọ́n ń pè ní Morisco.

Ní 1526 ni Charles, ọmọ-ọmọ Isabella àti Ferdinand, wá sí Granada. Òfin kan ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ gba èdè àti aṣọ lára àwọn Morisco. Wọ́n bá fowó gọbọi bẹ ọba. Ọba gbowó, ó ní kí òfin náà ṣì dúró ná. Ní 1527 iṣẹ́ ààfin bẹ̀rẹ̀, owó orí àwọn Morisco ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Ní 1567, lábẹ́ Philip II ọmọ Charles, òfin yẹn padà dé, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò mọ sórí èdè àti aṣọ: wọ́n tún fòfin de zambra, orin àti ijó tí àwọn Morisco fi ń ṣe ìgbéyàwó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde ogun. Owó dá, iṣẹ́ ààfin dúró. Láàárín 1609 sí 1614, wọ́n lé gbogbo Morisco kúrò ní Sípéènì. Ilé tí wọ́n fowó wọn kọ́ wà bẹ́ẹ̀ láìní òrùlé, ó di ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Orin ló wá gba ibi tí ọba kò gbé. Ní 1883, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré orin nínú àgbàlá náà. Ní 1922, Manuel de Falla tó ń kọ orin àti akéwì Federico García Lorca kó àwọn olórin jọ sí gbàgede kan nítòsí ibẹ̀, wọ́n ṣe ìdíje orin ìjìnlẹ̀ àwọn ará gúúsù, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé orin àtijọ́ náà fẹ́ parun. Ní 1936, àwọn ọmọ ogun tó wà lápá Franco yìnbọn pa Lorca lẹ́yìn ìlú. Títí dòní, wọn ò rí òkú rẹ̀. Falla sá lọ sí Ajẹntínà, ibẹ̀ ló kú sí. Ní 1952, Franco ṣì wà lórí àga nígbà tí àjọ̀dún tí à ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀.

A ò ní kí wọ́n pa fáyólíìnì mọ́lẹ̀ o. Àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ìsàlẹ̀ ààfin yẹn kan náà, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìkòkò ńlá kan wà tí wọ́n ya àgbọ̀nrín sí lára, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́ Alhambra. Bí ẹsẹ̀ yín bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ tètè dé lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí ìkòkò yẹn. Lálẹ́, kẹ́ ẹ wá jókòó gbọ́ orin.