Ojú Tó Fọ́ àti Ojú Tí A Mú Kúrò

Bí ọlọ́pàá bá rí ẹni tó ń gba ẹ̀gúnjẹ tí kò mú un, àwọn Gẹ̀ẹ́sì á ní ó "turn a blind eye". Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni pé ó kọ ojú rẹ̀ tó fọ́ sí ọ̀ràn náà. Àfiwé ni lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn, ojú tó fọ́ lóòótọ́ ló wà nínú rẹ̀: ojú ọ̀tún Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́dún 1794, níbi ogun Calvi ní erékùṣù Corsica, ọta àgbá balẹ̀, òkúta àti yẹ̀pẹ̀ sì fọ́n sí i lójú. Ẹyinjú náà kò yọ, ṣùgbọ́n kò fi í ríran dáadáa mọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1801, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọjú ìjà sí àwọn ọkọ̀ ogun Dẹ́ńmáàkì níwájú Copenhagen. Sir Hyde Parker tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá dúró lókèèrè. Nelson, igbákejì rẹ̀, ló kó ọkọ̀ wọ inú iná. Mẹ́ta nínú ọkọ̀ ńlá rẹ̀ ti fìdí sọlẹ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn kúrò ní àtàrí, Parker ta àsíá nọ́ńbà 39: ẹ jáwọ́. William Stewart tó wà nítòsí ròyìn pé Nelson ní ojú kan ṣoṣo lòun ní, òun sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fọ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ló bá gbé awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán lé ojú ọ̀tún, ó ní òun kò rí àsíá kankan.

Ti Edward Riou, ọ̀gá ọkọ̀ kan lábẹ́ Nelson, ló máa ń dùn mí. Òun rí àsíá, ó gbọ́ràn, ó yí ọkọ̀ padà. Ibẹ̀ ni àgbá ti pa á. Nelson borí, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún, wọ́n pe Parker padà sílé, ipò rẹ̀ sì di ti Nelson.

Mímójú kúrò ni ọ̀pọ̀ ń pe "turn a blind eye" ní Yorùbá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìyá ọkọ tọ́ ọbẹ̀ ìyàwó tuntun wò, iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó rọra fi òkèlè kejì kan ọbẹ̀, ó sì ń bèèrè àlàáfíà àwọn ará ilé ìyàwó. Ìyẹn ló mójú kúrò. Ó rí i, ó gbà á mọ́ra, ìyìn sì ni fún un. Ọlọ́pàá tiwa yẹn dijú ni, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ di í.