Ibo Ló Gbóná Jù Láyé? Ìtàn Ooru Ilẹ̀ Tí Sátẹ́láìtì Kà

Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí yanrìn lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé ooru ilẹ̀ yàtọ̀ sí ooru afẹ́fẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ló parí iyàn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń jà: ibo ló gbóná jù láyé?

Fún àádọ́rùn-ún ọdún, El Azizia ní Líbíà ni àwọn ìwé ń dárúkọ: 58°C, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, 1922. Ní 2012, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé wọ́gi lé e. Wọ́n ní ó jọ pé ẹni tó ka òṣùwọ̀n náà kò mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Oyè náà wá bọ́ sọ́wọ́ Death Valley ní Amẹ́ríkà: 56.7°C, 1913.

Ṣùgbọ́n inú àpótí funfun, lábẹ́ ìbòòji, lókè ilẹ̀, ni wọ́n máa ń gbé irú tẹmómítà bẹ́ẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n. Ibi tí kò bá sì sí ẹni tó gbé àpótí lọ, kò sí ohun tí wọn yóò kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ Lut ní Iran rí.

Ní 1800, William Herschel fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀. Ó gbé tẹmómítà kọjá àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ooru sì wà níbẹ̀. Irú ìtànṣán tí ojú kò rí yìí ni ilẹ̀ gbígbóná ń tú jáde. Sátẹ́láìtì ń kà á láti òkè, bí ìkùukùu kò bá dí i lójú. Àwọn onímọ̀ yóò wá ṣírò ipa afẹ́fẹ́ àárín, àti bóyá yanrìn ni, àpáta ni, tàbí ewé.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Montana yẹ àkọsílẹ̀ 2003 sí 2009 wò, Lut ló gbóná jù ní ọdún márùn-ún nínú méje. Ní 2005, ilẹ̀ rẹ̀ dé 70.7°C.

Ṣé Lut ti gba oyè Death Valley nìyẹn? Rárá o. Ọ̀kan jẹ́ ooru afẹ́fẹ́, èkejì jẹ́ ooru ojú ilẹ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n wéra ń fi iṣu wé ẹ̀gẹ́. Ẹ̀kọ́ tí àwa rí kọ́ ni pé ibi tí akọ̀wé kò dé, ìwé kì í dárúkọ rẹ̀. Kí a tó gba ọ̀rọ̀ “jù lọ” gbọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: kí ni wọ́n wọ̀n, níbo ni wọn kò dé?