Ikú Aerith

Nínú eré orí ẹ̀rọ, ikú kì í sábà ba ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Bí akọni bá ṣubú lójú ìjà, ìyẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo a jí i dìde. Ìdí nìyí tí ikú Aerith fi rí bí àlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Square ní ilẹ̀ Jàpáànù gbé Final Fantasy VII jáde ní oṣù kìíní ọdún 1997.

Ọmọbìnrin tí ń ta òdòdó ni Aerith. Ẹni tí ń ṣe eré náà ti bá a rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ti ra ọ̀pá ìjà fún un, ó sì ti fi sùúrù sọ ọ́ di alágbára. Bí ó ti kúnlẹ̀ tí ó ń gbàdúrà ni Sephiroth bọ́ láti òkè, tí ó sì fi idà gún un láti ẹ̀yìn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n orin pẹ̀lẹ́ tí Nobuo Uematsu ṣe fún un kò dákẹ́.

Nei ti kú ṣáájú rẹ̀ nínú Phantasy Star II ní 1989, àti Galuf nínú Final Fantasy V ní 1992. Ìyá Hironobu Sakaguchi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó dá eré náà sílẹ̀, kú nígbà tí wọ́n ń ṣe Final Fantasy III. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ti gbà á lọ́kàn.

Àwọn kan ní àwòrán lásán ni. Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀ ni àwọn ènìyàn fi wá ọ̀nà àtijí i dìde nínú eré náà. Kò sí ọ̀kankan, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ tí ń jí òkú ṣì wà nínú àpò wọn.