Ọwọ́ Tó Ń Wọ Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà a bá ọmọ gbé ti òkè sọ̀, ọmọ a bá àgbà yọ tinú igbá. Òwe náà bá yunifásítì àti àjọ ìtọ́jú ọmọ mu: ọ̀kan mọ ìwádìí í ṣe, ọ̀dọ̀ èkejì ni àwọn ọmọ wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àjọ tí kì í fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún olùwádìí ni ìṣòro. Ìtàn ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ èyí. Obìnrin kan, Cora Bussey Hillis, ló pariwo níbẹ̀ pé bí ìjọba bá lè náwó sórí ìwádìí àgbàdo àti ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ ènìyàn ńkọ́? Ní 1917, wọ́n dá ibùdó ìwádìí lórí ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Iowa. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ilé ọmọ òrukàn tó wà ní Davenport ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àwọn ará yunifásítì náà.

Ní 1939, Wendell Johnson, olùwádìí ní yunifásítì náà, rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Mary Tudor, lọ síbẹ̀ láti wò ó bóyá pípe ọmọ ní akólòlò ló ń sọ ọ́ di akólòlò. Ọmọ 22 ni wọ́n lò. Wọ́n ń sọ fún mẹ́fà nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ geere pé wọ́n ń kólòlò. Àwọn olùtọ́jú wọn kò mọ ohun tí àwọn olùwádìí ń wá gan-an. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di akólòlò, àsọdùn ni. Ojú ló ń tì wọ́n, ọ̀rọ̀ kò wá fẹ́ jáde lẹ́nu wọn mọ́. Yunifásítì tọrọ àforíjì ní 2001. Ní 2007, ìjọba Iowa gbà láti san dọ́là 925,000.

Ọdún 1939 yìí kan náà ni Harold Skeels àti Harold Dye tẹ ìwádìí tiwọn jáde, lórí àwọn ọmọ mìíràn láti ilé Davenport kan náà. Skeels ń bá yunifásítì ṣiṣẹ́, ó sì ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe é. Wọ́n ti kó ọmọbìnrin jòjòló méjì lọ sí ilé àwọn obìnrin tí làákàyè wọn kò pé, torí wọ́n gbà pé àwọn náà kò ní gbọ́n láé. Nígbà tí Skeels tún fojú kàn wọ́n, ara wọn ti yá gágá. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti sọ wọ́n di ọmọ tiwọn. Ó rọ ìjọba títí wọ́n fi kó àwọn mìíràn lọ, gbogbo wọn jẹ́ 13. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tó jáde ní 1966, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè bọ́ ara rẹ̀. Nínú àwọn 12 tí wọ́n fi wé wọn, tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ọmọ òrukàn, mẹ́rin ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba.

Johnson kì í ṣe ìkà. Akólòlò ni òun fúnra rẹ̀, ìwòsàn ló ń wá. Ṣùgbọ́n inú yàrá ìkàwé ló ti gbé ìbéèrè rẹ̀ wá, ọmọ ló wá yá lò. Inú ilé tí àwọn ọmọ ń gbé ni Skeels ti bá tirẹ̀ pàdé, ìdáhùn rẹ̀ sì ṣe wọ́n láǹfààní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn 12 yẹn.

Ká má gbàgbé kèrègbè: òwe kò sọ ẹni tó ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ; àpẹẹrẹ kan nìyí. Iowa tún wà nínú ìwádìí tí olùwádìí Mark Courtney àti ibùdó ìwádìí Chapin Hall ní Yunifásítì Chicago bẹ̀rẹ̀ ní 2002, pẹ̀lú àwọn àjọ ìtọ́jú ọmọ ti Illinois àti Wisconsin. Wọ́n tẹ̀lé ọ̀dọ́ 732 tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba láti ìgbà tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún 17 títí dé 26. Nígbà náà, Illinois ń tọ́jú tirẹ̀ dé ọdún 21; ní ìpínlẹ̀ méjì yòókù, púpọ̀ wọn ń jáde ní 18. Àwọn ti Illinois ló ráyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga jù. Nígbà tí ìwádìí náà ń lọ lọ́wọ́, ní 2008, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin tó ń fún ìpínlẹ̀ lówó láti tọ́jú ọ̀dọ́ dé 21. California gbà á wọlé ní 2010. Kì í ṣe dandan, ìpínlẹ̀ tó bá wù ló ń gbà á.