Kòkòrò Ẹ̀wà, Oògùn Apakòkòrò àti Ìlera Ènìyàn: Iṣẹ́ Ìwádìí ní Samaru, Zaria

Ìfáàrà

Ẹ̀wà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú oúnjẹ Yorùbá. Òun ni a ń lọ̀ fi din àkàrà, òun ni a fi ń se mọ́ínmọ́ín, òun náà ni a fi ń se gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí a ń tà ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá wá. Nítorí náà, ohun tí àgbẹ̀ bá fín sí oko ẹ̀wà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná tàbí Kánò, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jẹ àkàrà ní Ìbàdàn ni pẹ̀lú.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn kòkòrò tí ń ba ẹ̀wà jẹ́, pàápàá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Samaru, ní Zaria. Ó yẹ ipa tí ojú-ọjọ́ àti oògùn apakòkòrò ń ní lórí kòkòrò wò, ó sì fi hàn pé oògùn tí a fín sí kòkòrò kì í parí iṣẹ́ rẹ̀ sí ara kòkòrò nìkan: ó ń yí kòkòrò fúnra rẹ̀ padà, ó sì ń dé inú ara ènìyàn.

Samaru àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀

Samaru wà ní ẹ̀bá ìlú Zaria. Ní àwọn ọdún 1920 ni ìjọba amúnisìn dá ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Òwú àti ẹ̀pà, tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun, wà lára irè oko tó jẹ ìjọba náà lógún. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ahmadu Bello sílẹ̀ ní 1962, ibùdó yìí bọ́ sí abẹ́ yunifásítì náà, ó sì di Institute for Agricultural Research, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IAR. Ẹ̀wà, ọkà bàbà, ẹ̀pà àti òwú wà lára àwọn irúgbìn tí iṣẹ́ àtúnṣe wọn wà ní ìkáwọ́ IAR. Orúkọ Samaru fúnra rẹ̀ ni wọ́n gé kúrú láti fi sọ àwọn irúgbìn náà lórúkọ: SAMPEA ni ti ẹ̀wà, SAMNUT ni ti ẹ̀pà, SAMSORG sì ni ti ọkà bàbà.

Àwọn kòkòrò tí ń ba ẹ̀wà jẹ́

Bí ẹ̀wà ti ń dàgbà ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń pààrọ̀ ara wọn. Nígbà tó bá ṣì kéré, àwọn kòkòrò wínníwínní tí a ń pè ní Aphis craccivora ń fa omi ara ewé rẹ̀ mu. Nígbà tó bá ń rúdi, Megalurothrips sjostedti ń jẹ ìrudi òdòdó. Nígbà tó bá so, Clavigralla tomentosicollis ń fi ẹnu rẹ̀ gún àpò tútù tí hóró ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa omi ibẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú oko ni Maruca vitrata. Àfòpiná ni, òru ló sì ń fò. Ó ń yé ẹyin sí ara ìrudi, òdòdó àti ewé. Ìdin tó bá jáde láti inú ẹyin náà ń fi òwú tó ń tú lẹ́nu so òdòdó pọ̀, ó ń jẹ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń lu ihò sí àpò ẹ̀wà, ó sì ń jẹ hóró tó wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí ó ti ń jẹun lábẹ́ ìbòrí, oògùn tí àgbẹ̀ fín kì í tètè bá a. Níbi tí ọṣẹ́ rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ó lè gba ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún irè. Ní 1976, A. K. Raheja tẹ ìwádìí kan jáde lórí àdánù tí kòkòrò ń fà fún ẹ̀wà ní àríwá Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé àgbẹ̀ tí kò bá dáàbò bo ẹ̀wà rẹ̀ lè pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú irè náà.

Ojú-ọjọ́ ń darí Maruca. Ní Zaria, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, ó sì máa ń dá ní oṣù kẹwàá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gígùn tó ń tẹ̀ lé e, àti oúnjẹ àti ọ̀rinrin ń tán fún àfòpiná yìí. Ìwádìí tí Bottenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé ní gúúsù, níbi tí ewéko kì í ti í gbẹ tán, ni ó ti ń la ẹ̀ẹ̀rùn já, tí òjò bá sì ti ń lọ sí àríwá, òun náà á bá a lọ. Oko àríwá àti igbó gúúsù jẹ́ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo fún kòkòrò yìí. Bí àkókò òjò bá yí padà, àkókò tí kòkòrò ń dé oko lè yí padà pẹ̀lú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Callosobruchus maculatus, kòkòrò tí ń lu ẹ̀wà inú àpò. Láti oko ló ti ń yé ẹyin sí ara àpò ẹ̀wà tó ti gbó. Àgbẹ̀ ń kórè òun pẹ̀lú ẹ̀wà, kòkòrò náà sì ń bí sí i nínú àká títí hóró yóò fi di ihò àti ìyẹ̀fun.

Oògùn apakòkòrò àti ara ènìyàn

Láti gba irè oko wọn là, àwọn àgbẹ̀ ń fín oògùn léraléra, àwọn oníṣòwò mìíràn sì ń da oògùn sínú ẹ̀wà tí wọ́n fi pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn yìí wà nínú ẹ̀yà tí onímọ̀ ń pè ní organophosphate. Dichlorvos jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: nínú ara kòkòrò àti nínú ara ènìyàn, èròjà kan wà tí ń pa iná ìránṣẹ́ tí iṣan ń rán sí iṣan lẹ́yìn tí ìránṣẹ́ náà bá ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Orúkọ èròjà náà ni acetylcholinesterase. Oògùn yìí ń so ó lọ́wọ́, iṣan yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìdákẹ́. Kòkòrò yóò gbọ̀n títí yóò fi kú. Ní ti ènìyàn, itọ́ àti òógùn yóò máa dà, ọmọlójú yóò súnkì, iṣan yóò máa fò, èémí yóò sì di ìṣòro. Ìdí ewu rẹ̀ ni pé èròjà tó ń kọlù lára kòkòrò wà nínú ara tiwa náà.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2008, ó lé ní 120 akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Gombe tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fura pé oògùn apakòkòrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá nítorí pé dichlorvos inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. Wọ́n sún òfin náà síwájú ní 2016, wọ́n tún sún un síwájú ní 2019. Ní ọdún 2019 kan náà, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré tó jẹ́ mìlílítà 100.

Èdè ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Yorùbá, «oògùn» ni ohun tí aláìsàn ń lò kí ara rẹ̀ lè le, «oògùn» sì ni ohun tí àgbẹ̀ ń fín sí oko. «Májèlé» ni ọ̀rọ̀ tó ń kìlọ̀ ikú, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀. Bákan náà, «kòkòrò» ń tọ́ka sí ohun tí ń fò, sí ìdin, àti sí kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí. Ẹni tó bá ń ṣe ògbufọ̀ ìkìlọ̀ ara ìgò oògùn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé «oògùn kòkòrò» nìkan kò sọ ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń kà á.

Nígbà tí kòkòrò bá borí oògùn

Bí a bá ń fín oògùn kan náà lemọ́lemọ́, àwọn kòkòrò tí oògùn náà ràn yóò kú, ìwọ̀nba tí kò ràn yóò sì bí irú ara wọn. Àwọn ẹ̀fọn àríwá Nàìjíríà wà lára ẹ̀rí àkọ́kọ́ fún èyí ní Áfíríkà. Ní àárín àwọn ọdún 1950, wọ́n ń fín dieldrin sí ara ògiri ilé ní ìwọ̀-oòrùn Sokoto láti gbógun ti ibà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i ní Ambursa, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kebbi lónìí, pé ẹ̀fọn Anopheles gambiae kò kú mọ́.

Oko pẹ̀lú ń kópa nínú rẹ̀. Pyrethroid, tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí ẹ̀wà àti òwú, wà nínú ẹ̀yà oògùn kan náà tí wọ́n ń rẹ àwọ̀n ẹ̀fọn sí. Òjò ń ṣàn án lọ sínú kòtò omi tí ọmọ ẹ̀fọn ń gbé. Àwọn tó bá la omi olóògùn náà já ni yóò dàgbà, tí wọ́n sì lè má bẹ̀rù àwọ̀n mọ́. Báyìí ni ìjà tí àgbẹ̀ ń bá kòkòrò ẹ̀wà jà ṣe lè sọ ààbò ọmọdé tó sùn sábẹ́ àwọ̀n di aláìlágbára.

SAMPEA 20-T: ààbò láti inú irúgbìn

Ìbéèrè tó kan Samaru ni èyí: ṣé ẹ̀wà lè dáàbò bo ara rẹ̀ kí oògùn fífín lè dínkù? Nínú àwọn ẹ̀wà tí àgbẹ̀ ń gbìn, wọn kò rí èyí tó lágbára tó láti kojú Maruca. IAR wá bá àjọ AATF tó fìdí kalẹ̀ sí Nairobi ṣiṣẹ́ pọ̀, pẹ̀lú àjọ ìwádìí CSIRO ti Ọsirélíà níbi tí T. J. Higgins ti ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀wà náà. Mohammad Ishiyaku ló ṣíwájú iṣẹ́ náà ní Zaria. Wọ́n mú àbùdá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cry1Ab láti ara Bacillus thuringiensis, ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tó ń gbé inú ilẹ̀, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀wà.

Àbùdá náà ń mú kí ẹ̀wà ṣe purotéènì kan. Nígbà tí ìdin Maruca bá jẹ ẹ́, purotéènì náà ń so mọ́ ibi pàtó kan lára ìfun rẹ̀, ó ń dá ihò síbẹ̀, ìdin náà yóò sì kú. Ìfun ènìyàn kò ní ibi tí purotéènì náà lè so mọ́, oje inú ikùn wa sì ń tú u palẹ̀ bí ó ṣe ń tú purotéènì oúnjẹ mìíràn. Èyí ni ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti dichlorvos, tó ń kọlu ohun tí ènìyàn àti kòkòrò jọ ní.

Ìdánwò inú oko bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 2009. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ NBMA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2015 láti mójú tó ààbò irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, fọwọ́ sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí SAMPEA 20-T, wọ́n sì gbé e fún àwọn àgbẹ̀ ní Kánò ní oṣù kẹfà ọdún 2021. IAR ṣàlàyé pé àgbẹ̀ tó ti ń fín oògùn ní ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ kí ó tó kórè lè fín in ní ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ṣì pọn dandan, nítorí pé purotéènì yìí kò ran àwọn kòkòrò tí ń fa omi ewé àti ti àpò ẹ̀wà.

Àríyànjiyàn àti ohun tó kù

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gba irúgbìn yìí wọlé. Àjọ Health of Mother Earth Foundation, tí Nnimmo Bassey ń darí, ti ta ko àwọn irúgbìn tí a yí àbùdá wọn padà ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń takò ń béèrè nípa ipa wọn fún ìgbà pípẹ́, nípa ẹni tó ni irúgbìn, àti nípa ẹ̀tọ́ olùrà ní ọjà, níbi tí ẹ̀wà ti ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ọpọ́n láìní àkọlé. Àwọn olùwádìí ní tiwọn ń tọ́ka sí àyẹ̀wò ààbò tó ṣáájú ìfọwọ́sí, àti sí ewu oògùn tí irúgbìn náà ń dínkù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn méjèèjì kò lè gbójú fò: kòkòrò lè borí Cry1Ab pẹ̀lú. Ní South Africa, ìròyìn jáde ní 2007 pé Busseola fusca, kòkòrò tí ń jẹ inú igi àgbàdo, ti borí purotéènì yìí kan náà nínú àgbàdo. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gba àgbẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n gbin ẹ̀wà àtijọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tuntun, kí àwọn àfòpiná tí purotéènì náà ṣì ràn má bàa run tán.

Àwọn ọ̀nà mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn olùwádìí IITA tí Manuele Tamò ṣíwájú ti tú àwọn agbọ́n tín-ín-tín tí wọ́n kó wá láti Éṣíà sílẹ̀. Ẹ̀yà kan nínú wọn ń yé ẹyin sínú ìdin Maruca, èkejì sínú ẹyin rẹ̀, ọmọ agbọ́n sì ń ti inú jẹ ẹ́. Ní ti àká, àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ti ṣe àpò kan ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí a mọ̀ sí àpò PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Bí a bá dì í pinpin, afẹ́fẹ́ tí kòkòrò ń mí yóò tán, yóò sì kú láìsí oògùn kankan. Àpò yìí wà ní ọjà Nàìjíríà, kò sì gba ju kí a so ẹnu rẹ̀ dáadáa lọ.

Iṣẹ́ kù fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè pẹ̀lú. Orúkọ àti ìkìlọ̀ tí àgbẹ̀ Haúsá, oníṣòwò Yorùbá àti aláàkàrà ń lò fún àwọn nǹkan wọ̀nyí láti Samaru dé Bódìjà yẹ ní kíkó jọ, nítorí pé ibẹ̀ ni a ó ti mọ ohun tí olúkúlùkù wọn gbà pé ó wà nínú ìgò tó dì mú.